Ẹkún Tó Wà Nínú Àpótí Irin

Ẹni tó bá fẹ́ kí olè tètè mọ ibi tí ohun iyebíye wà nínú ilé òun, kí ó lọ ra àgádágodo ńlá kọ́ ibẹ̀. Ọkọ mi ra ọ̀kan ní ọjà Ìkòtún. Ó tóbi tó ẹ̀ṣẹ́ mi, ó sì fi ti àpótí irin tó wà lábẹ́ ibùsùn wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Inú àpótí yẹn ni gbogbo ohun tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi wà.

Ìyá mi kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n ní agbègbè Ìsẹ́yìn, òun ni wọ́n máa ń wá pè tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọmọbìnrin ní ẹkún ìyàwó. Ó mọ ti ilé aláró, ó mọ ti ilé ọdẹ, ó mọ èyí tí ọmọ tí kò ní bàbá mọ́ ń sun. Nígbà tó wá lo ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ní 1995, ó ń sọ, mo ń kọ. Kò gbà kí n gba ohùn òun sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó ní tí òun bá ti lọ, òun ti lọ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má máa gbọ́ ohùn òun nínú yàrá.

Ó ṣe tuntun kan fún Yẹ́misí, àkọ́bí mi, ó ní kó sun ún láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ó gùn. Ó pe gbogbo wa lórúkọ nínú rẹ̀. Ó fi ibi tó dùn jù lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, pé ó gba òun sílé láìfajúro. Ọkọ mi ò gbọ́ ọ nígbà yẹn. Ó ní òun á dúró di ọjọ́ náà, kí òun lè gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ òun.

Òun ló ra kọ̀ǹpútà, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó ra àlòkù kan wálé fún mi, ó ní kí n yé fi bírò da ọwọ́ mi láàmú. Inú mi dùn débi pé mo se ìrẹsì lọ́jọ́ náà bí ẹni ń ṣọdún. Ìyá mi ti kú nígbà yẹn. Ìka méjì ni mo fi tẹ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ tán ni ọkọ mi kó ìwé tí mo kọ ọ́ sí fún ìyá alákàrà ẹnu ọ̀nà. Ó ní ó ṣáà ti wà nínú kọ̀ǹpútà, kí la tún fẹ́ fi pépà ṣe? Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ra àkàrà tí wọ́n fi ẹkún ìyàwó ilé aláró wé fún mi.

Nùrẹ́nì, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìyànà Ìpájà, ló sọ fún mi pé ẹ̀rọ náà lè kú lójijì bí èèyàn. Ó bá mi da gbogbo ẹ̀ kọ sórí dísìkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta.

"Mọ́mì, ẹ má gbé e lé orí sitabiláísà o, mágínẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀ á pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ẹ máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kẹ́ ẹ sì gbé ọ̀kan lọ sílé ẹlòmíì jàre. Tí nǹkan bá ṣe ilé, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló máa ṣe."

Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi Mọ̀dínátù tó ń gbé Ìgàndò. A jọ ń ṣe tíṣà ni. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sì í sọ nǹkan nù. Mo sọ fún ọkọ mi nídìí oúnjẹ. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ìta kẹ̀? Màmá Yẹ́misí, ohun tó bá ti jáde nílé ẹni ti di ti ẹlòmíì nìyẹn."

"Mọ̀dínátù ni mo ní, Bàbá Yẹ́misí. Kì í ṣe èrò ọjà."

"Mọ̀dínátù ò lẹ́bí ni? Tí wọ́n bá lọ fi ṣe ìwé tà ńkọ́? Tí wọ́n bá sun ún lórí rédíò, tí wọ́n ní ti ìyá àwọn ni?"

"Ẹkún ni, ẹ jọ̀ọ́. Ta ló fẹ́ jí ẹkún gbé?"

"Kó wọn wá ṣá. Mo ní àpótí."

Mo bá a jiyàn títí. Ó ní láti ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ti wọlé ni mo ti gbọ́n ju ọkọ mi lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé eegun, mo bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Ó tò wọ́n sínú àpótí pẹ̀lú ìwé ilé wa, ó tì í, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní kí n lọ fọkàn balẹ̀.

Ó ku oṣù méjì kí Yẹ́misí ṣègbéyàwó, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Nígbà tí a dé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti wà nílẹ̀. Wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà, wọ́n ti gbé tẹlifíṣọ̀n. Aṣọ wa wà níbẹ̀, ìkòkò wa wà níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn. Kò sí àpótí. Kí ni olè mọ̀ nípa ẹkún ìyàwó? Àgádágodo ni wọ́n rí.

Mo wá gbogbo ààtàn láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún, bóyá wọ́n á ti da ohun tí kò wúlò fún wọn nù. Mo rí àpótí náà lẹ́bàá kòtò kan. Wọ́n ti fi irin ya ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Àgádágodo ṣì wà lójú rẹ̀, títì. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò yẹn, mo sunkún ìyá mi lẹ́ẹ̀kejì.

Ọkọ mi ò sunkún. Ó ní ká dúpẹ́ pé wọn ò bá wa nílé. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí ìwé ilé bá àpótí lọ, àwọn ọmọ onílẹ̀ àdúgbò wa kì í sì í ṣe ẹni tí èèyàn ń sọ fún pé ìwé òun sọnù. Síbẹ̀ ó ń jẹun, ó ń sùn. Ní ọjọ́ Sátidé, ó ti ìrìn àjò dé, ó gbé fáìlì kan sórí tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Wò ó, gbogbo ẹ̀ pé! Ọ̀dọ̀ Akínlẹ́yẹ, àbúrò mi, ní Ìlaró ni mo ti gbà á. Ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́ lọ́yà, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ pásítọ̀. Ọjọ́ tí mo ra ilẹ̀ ni mo ti ṣe fọ́tòkọ́pì. Ṣé ọmọdé ni mí ni? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Màmá Yẹ́misí."

Mo wo ìwé náà, mo wo ojú rẹ̀. Ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n. Ó ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí Nùrẹ́nì. Ilẹ̀ tí kò lè rìn, tí ẹnikẹ́ni ò lè gbé sá lọ, ó pín ìwé rẹ̀ sí ilé mẹ́ta. Ti ìyá mi ni kò gbọdọ̀ jáde nílé. Mi ò bá a jà, nítorí ìbínú náà ti kọjá ìjà. Mo bu oúnjẹ fún un, mo lọ jókòó sẹ́yìnkùlé.

Èmi àti Yẹ́misí gbìyànjú láti rántí. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló dá wa lójú. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ nínú pálọ̀ wa, níṣojú àwọn àlejò, ó sì gbé e:

"Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣíjú wò mí,
Ẹ má wo aṣọ, ẹ má wo ìlẹ̀kẹ̀,
Ẹ wo ọmọ tí ẹ gbé jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.
Ìyá àgbà ní kí n wí fún yín pé..."

Ó dákẹ́. Omi ti kún ojú ọkọ mi. Ó dúró, ó ń retí. Yẹ́misí wojú mi.

"Pé kí ni?" ni ọkọ mi bi mí. "Màmá Yẹ́misí, kí ni màmá ní kó wí fún mi? Bá a parí ẹ̀ jàre."

"Ó tán," mo dá a lóhùn. "Ẹ ránṣẹ́ sí àbúrò yín ní Ìlaró, bóyá ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹ̀."