Kọfí Ọ̀sán Ààwẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, kí n má baà máa pariwo. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti jagunjagun. Ìtàn kọfí ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ní Ifo, lọ́dún tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ọ̀fẹ́, kọfí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé kan ká, inú oṣù ààwẹ̀ ló sì ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí wọn kì í fi nǹkan kan ẹnu lọ́sàn-án.

"Ta ló fọ aṣọ yìí?"

Ròkíátù ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló dúró sí, ó na aṣọ kékeré kan tó rí bí àpò síwájú ọkọ rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àìlá tán ni. Aṣọ náà funfun báláú, omi ṣì ń kán lára rẹ̀, òórùn ọṣẹ dúdú sì gba gbogbo ibẹ̀ kan.

"Èmi ni mo fọ ọ́," ni Màmúdù dá a lóhùn. "Ó ti dúdú bí àkísà mẹkáníìkì. Ṣé ohun tí o fẹ́ kí n nà síwájú àlejò nìyẹn?"

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi tọ́jú aṣọ yìí, bàbá Bàṣírátù. Omi gbígbóná lásán ni mo fi ń ṣan án. Ọṣẹ kò kàn án rí. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò."

"Imú mi ń gbààwẹ̀," ni Màmúdù wí, ó sì bá ẹ̀rín lọ sínú ilé.

Kúùkù ni Màmúdù yìí. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi dáná fún òyìnbó ẹnjiníà kan tó ń gbé lẹ́bàá ojú irin ní Ifo. Òyìnbó náà kò mọ̀ ju kọfí lọ, ó sì ní bó ṣe ń fẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ó fi han Màmúdù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Màmúdù délé, ó fi han ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti ọjọ́ náà kò tún fọwọ́ kàn án mọ́. Ròkíátù ló ń lọ sí oko ìyá rẹ̀ lọ́nà Àgbàdo láti ká èso kọfí, òun ló ń sá a sóòrùn, tó ń gún èèpo rẹ̀ kúrò, tó ń yan án nínú ape títí tí yóò fi máa dún pápápá. Òun ló gé lára aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì, tó rán an bí àpò, tó sì fi wáyà yí ẹnu rẹ̀ ká. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ wádìí pé omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó máa ń sọ kọfí di ìkorò, pé kí èèyàn gbé kẹ́tù sílẹ̀ ná títí ariwo inú rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. Yóò kọ́kọ́ wọ́n omi díẹ̀ sí kọfí náà lórí, yóò dúró kó wú, kó mí. Lẹ́yìn náà ni yóò máa da ìyókù yípo, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń da omi sí ọmọ tuntun lórí. Bó bá ti sẹ́ tán, yóò rọ ọ́ sínú fúláàsì, Màmúdù yóò sì gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tí òyìnbó ń padà lọ sí ìlú rẹ̀, ó kọ lẹ́tà fún Màmúdù. Ó ní òun kò mu irú kọfí bẹ́ẹ̀ rí, pé ọwọ́ ọkùnrin yìí ló wà. Màmúdù fi gíláàsì bo lẹ́tà náà, ó gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀. Ó wá jókòó sílé fún ọdún kan gbáko láìníṣẹ́, lẹ́tà ló ń fi han ẹni tó bá yà wọlé.

Àfi bí wọ́n ṣe kọ́ ilé ìgbàlejò tuntun sí ẹ̀bá ojú irin, tí wọ́n sì ń wá kúùkù tí yóò máa tọ́jú àwọn ọ̀gá tó bá sùn síbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ tí wọ́n fi ṣe alábòójútó ilé náà gbọ́ nípa lẹ́tà. Ó ránṣẹ́ pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí àlààsárì tó tó, òun yóò yà kí òun fi ojú ara òun rí bí Màmúdù ṣe ń ṣe kọfí ọ̀hún. Bó bá dára, iṣẹ́ délé. Bí kò bá dára, ẹnì kan wà ní Abẹ́òkúta tí wọn yóò mú.

Ròkíátù ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun ṣe é, kó sì sọ òótọ́ fún ọkùnrin náà. Màmúdù bi í pé kí ni òun fẹ́ sọ, pé lẹ́tà tó wà lára ògiri, ìyàwó òun ló ni ín? Ròkíátù ní kó jẹ́ kí òun kọ́ ọ nígbà náà. Ìyẹn tún bí i nínú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní ta ló kọ́ ta.

Ibi tí Ròkíátù dúró sí lẹ́yìnkùlé ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, tó ń fún omi ọṣẹ kúrò lára aṣọ, ni ọkàn rẹ̀ ti lọ sára ọlọ. Ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wọlé, ó bi í pé ọlọ wo ló fi lọ kọfí láàárọ̀ nígbà tí òun lọ sódò. Màmúdù ní ọlọ tó wà lẹ́bàá ìkòkò omi, ọlọ mélòó ló wà nínú ilé? Òun sì ti bu omi ṣan án.

Ọlọ ata ni. Nínú oṣù ààwẹ̀, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí wọn kì í lọ ata lórí rẹ̀ fún ìṣínu, ata ti wọ inú òkúta náà lọ. Ọlọ kọfí wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ròkíátù nínú aṣọ tó fi wé e. Ọdún mẹ́sàn-án, ọkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Ó wọ ilé ìdáná, ó bu díẹ̀ nínú kọfí tí ọkọ rẹ̀ lọ, ó fi aṣọ náà sẹ́ ẹ, ó tọ́ ọ wò. Ẹ ó bi mí pé báwo ló ṣe tọ́ ọ wò nínú ààwẹ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dé láti ọjọ́ Àìkú, obìnrin tó bá wà nípò bẹ́ẹ̀ kì í gbààwẹ̀, yóò san án padà tó bá yá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí obìnrin ń kéde. Ó ń bá wọn jí sí sààrì, ó sì ń gbé ètè gbígbẹ kiri níwájú àwọn ọkùnrin. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀, ọkọ rẹ̀ ni, torí yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn.

Ọṣẹ ló kọ́kọ́ bá a lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni ata ta á lọ́fun.

Ó gbé ife náà lọ sí pálọ̀. Bùrẹ́ímọ̀, ẹ̀gbọ́n Màmúdù, ti dé láti wá bá wọn gba àlejò. Ládàánì ni Bùrẹ́ímọ̀, òun ló ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí àdúgbò, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwọn. Ròkíátù kúnlẹ̀ kí i, ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Bàṣírátù, ẹ má fún àlejò ní kọfí yìí. Ata wà nínú rẹ̀, ọṣẹ sì wà nínú aṣọ."

Màmúdù kò gbójú sókè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán ni pé ọwọ́ òun ni òun fi lọ ọ́. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo tọ́ ọ wò."

"O tọ́ ọ wò." Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè gbọ́ ọ dáadáa. "Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún ààwẹ̀. Lọ́sàn-án gangan."

Tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ Bùrẹ́ímọ̀. "Ìyàwó," ló wí, "mo ti ń gbọ́ ìró ṣíbí láti ilé yìí lọ́sàn-án láti àná. Mo ní etí àgbà ló ń dà mí láàmú. Àṣé etí mi ṣì dára."

Ròkíátù wo ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ìbá tó, kó ní, ẹ̀gbọ́n, ó nídìí. Àgbà bíi Bùrẹ́ímọ̀ kò ní bèèrè ìdí. Ṣùgbọ́n Màmúdù tún fìlà rẹ̀ dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú fèrèsé.

Inú tó bí Ròkíátù lọ́jọ́ yẹn, kò lè sunkún rẹ̀. Ó dìde, ó padà sí ilé ìdáná, ó jókòó sórí àpótí. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ó tán, kí Màmúdù gbé e fún àlejò, kí wọ́n jọ mọ ẹni tó ni lẹ́tà.

Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ dé pẹ̀lú ṣòkòtò kákí péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé orúnkún. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ kò kàn án. Màmúdù to ohun èlò sórí tábìlì. Bí kẹ́tù ṣe ń hó lọ́wọ́ ló gbé e, ó da gbogbo omi náà lé kọfí lórí lẹ́ẹ̀kan náà, ìdajì ṣàn sórí tábìlì. Ó bu èyí tó kù sínú ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún àlejò.

Bádéjọ mu ún lẹ́ẹ̀kan. Ó wúkọ́ títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó rí ohùn lò, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Màmúdù, ẹran nìkan ló kù nínú èyí."

"Ẹ má bínú, sà," ni Màmúdù wí. "Obìnrin ilé mi ló lọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ títí, ó ti sú mi, pé kó yé fi ọlọ ata lọ kọfí mi."

Ròkíátù gbọ́ ọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sáré. Ó lọ sí yàrá, ó fa ọlọ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó mú agolo tó kó kọfí yíyan sí àti aṣọ tuntun tó kù nínú èyí tó gé. Ó kúnlẹ̀ kí àlejò, ó ní kó jọ̀wọ́ fún òun láyè díẹ̀. Ó gbé ọlọ kalẹ̀ sí àárín pálọ̀ lórí ẹní. Bùrẹ́ímọ̀ ní kó padà sẹ́yìn. Màmúdù pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń lọ kọfí lọ.

Ó fi omi gbígbóná ṣan aṣọ tuntun náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé kẹ́tù sílẹ̀, ó dúró. Gbogbo wọn náà dúró, bí ẹni pé òun ló ni ilé. Nígbà tó da omi àkọ́kọ́ sí i, tí kọfí wú, òórùn rẹ̀ gba pálọ̀, Bùrẹ́ímọ̀ yí imú sí fèrèsé, ó gbé itọ́ mì, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé òun gbé e mì. Ròkíátù sẹ́ ife méjì. Ó gbé ọ̀kan fún Bádéjọ. Ó gbé èkejì, ó mu ún níṣojú gbogbo wọn.

"Asitagafúrúlà," ni Bùrẹ́ímọ̀ wí.

"Bàbá, mi ò gbààwẹ̀ lónìí. Mi ò gbà á lánàá náà." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Kì í ṣe ohun tí mo lè là yé yín lójú àlejò, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó tì yín yẹn mọ ìdí rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n nígbà tó ń bi mí níwájú yín."

Ó yé Bùrẹ́ímọ̀. Kò wo Ròkíátù mọ́, àbúrò rẹ̀ ló wá ń wò.

Bádéjọ mu ife rẹ̀ tán, ó ní kí wọ́n bu òmíràn fún òun. Ó mu ìyẹn náà. Ó wá wo lẹ́tà tó wà lára ògiri, ó bèèrè pé ta ni wọ́n kọ ọ́ fún gan-an. Ó ní bó bá ṣe tòun ni, òun ì bá kọ orúkọ obìnrin yìí sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni wọ́n ní kí òun mú wá. Òun yóò padà wá ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmúdù nìkan ni yóò wà ní pálọ̀. Bí kọfí rẹ̀ bá jọ èyí tí òun mu kẹ́yìn yìí, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bí kò bá jọ ọ́, kí wọ́n má bínú.

Ó lọ. Bùrẹ́ímọ̀ náà dìde, ó kọjá lára àbúrò rẹ̀ bí ẹni tó kọjá lára òpó.

Ìgbà yẹn ni Màmúdù bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ó ní Ròkíátù ti bọ́ òun sí ìhòòhò, pé ibi tí òun ó gbà lójú ẹ̀gbọ́n òun kò sí mọ́. Ròkíátù ń nu ọlọ rẹ̀. Nígbà tó pariwo títí tó rẹ̀ ẹ́, tó rántí Ọjọ́bọ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó bèèrè pé ṣé yóò kọ́ òun.

"N ó kọ́ yín," ni Ròkíátù wí. "Kò le, sùúrù ló gbà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ bá bàbá, kí ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún wọn."

"Ó ti yé wọn. O rí ojú wọn."

"Ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹnu yín ni mo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ ọ."

Màmúdù ní ó dáa, bí wọ́n bá ṣínu tán. Ròkíátù ní rárá, báyìí ni. Òun kò ní fọwọ́ kan kẹ́tù fún un lónìí, lọ́la, tàbí títí Ọjọ́bọ̀ yóò fi kọjá, bí kò bá lọ. Ó wé ọlọ náà sínú aṣọ, ó gbé e sórí itan, ó jókòó. Màmúdù jókòó pẹ́ títí, ó ń wo ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló bọ bàtà rẹ̀ sẹ́sẹ̀.

Màmúdù gba iṣẹ́ náà ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, kí ẹ má baà bi mí. Mùnírátù ló sọ gbogbo èyí fún mi, ọmọ Bùrẹ́ímọ̀ tó lọ́kọ sí abúlé wa. Ó wà nínú ilé lọ́jọ́ náà, bàbá rẹ̀ ń ṣe àlùwàlá àlààsárì lọ́wọ́, nígbà tí Màmúdù wọlé tí kò fẹ́ jókòó. Ó ní ó dúró títí omi fi tán nínú bútà bàbá òun kó tó lanu.

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé kò gbààwẹ̀. Mo mọ̀ kí n tó bi í."

Mùnírátù ní bàbá òun gbé bútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbẹ, ó dìde, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ fẹnu ara rẹ̀ kí Ròkíátù, kó tó lọ pe ìrun.