Bàálù Tí Kò Gbéra

Ó ti rẹ̀ mí, ẹ jẹ́ kí n tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti jókòó sí iwájú ilé mi n'Íjù níbí, Bàdírù àbúrò mi tó ń jó irin ṣe géètì, àti Mùíbátù ìyàwó ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò ṣòro. Fáìzàh ọmọ wọn, tó jáde ní yunifásítì tó wá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ló bímọ. Ìyá ẹ̀ fẹ́ lọ bá a tọ́jú ìkókó. Bàdírù kọ̀. Ìyàwó Rùfáì tó wà ládùúgbò wa lọ bá ọmọ ẹ̀ tọ́jú ìkókó, ìkókó yẹn ti ń lọ ilé ìwé, ìyàwó ò tíì dé. Ohun tó ń ba Bàdírù lẹ́rù nìyẹn. Kàkà kó sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, ó búra: "Wàláì, bó o bá kúrò ní Nàìjíríà láìjẹ́ pé mo yọ̀ǹda, o kì í ṣe ìyàwó mi mọ́!"

Mùíbátù gbé báàgì, ó lọ.

Ní ẹ́pọ̀ọ̀tì, ọ́físà lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ pé ó ti jáde. Ó wọ bàálù, ó de bẹ́líìtì. Bàálù ń ké, ó ké títí, kò gbéra. Ẹ́ńjìnnì ti kọṣẹ́. Wọ́n kó gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀, ọ́físà fagi lé òǹtẹ̀ yẹn, wọ́n ní kí wọ́n padà wá tó bá di Tọ́sìdeè. Obìnrin bá gbé báàgì padà wálé.

Ṣé ìyàwó ẹ̀ ṣì ni àbí òun kọ́? Èmi tí mo ka ìwé mẹ́ta ni wọ́n wá ń bi! Mo ní kí wọ́n bá mi pe Àáfà Àmọ̀dá. Mọ́tò àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ti dí Ìdíròkò Road pa, ẹsẹ̀ ni Àáfà fi rìn dé, òógùn bò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti lu òǹtẹ̀," Bàdírù ń sunkún. "Mo ti fọwọ́ ara mi tú ilé mi."

"Ta ló ní kó o búra?" mo bi í. "O ń ṣe géètì fáráyé, ẹnu ẹ ò ní géètì."

Àáfà kọjú sí Mùíbátù. "Ìyá Fáìzàh, ṣé táyà bàálù kúrò nílẹ̀?"

"Kò kúrò, Àáfà."

"Ilẹ̀ ibo ló wà?"

"Ìkẹjà."

"Ìkẹjà ò tíì di Lọ́ńdọ̀nù. Òǹtẹ̀ ní kó o máa lọ ni, kò ní o ti lọ. Ìyàwó ẹ̀ ṣì ni ẹ́."

Bàdírù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń pe Alhamudulilahi. Mo ní ó parí, kí n lọ sùn.

"Ẹ ṣeun, Àáfà," Mùíbátù ní. "Tọ́sìdeè ńkọ́?"

Bàdírù ń họ ojú àpá iná tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Mo yọ̀ǹda."

"Sọ ọ́ kó dún," Àáfà ní.

"Mo ní mo yọ̀ǹda! Ṣùgbọ́n..."

"Kò sí ṣùgbọ́n ńbẹ̀."

Nígbà tó di Tọ́sìdeè, Mùíbátù wá kúnlẹ̀ kí mi. "Bàbá, mo ń bọ̀ o." Bá a ṣe ń sọ ọ́ náà nìyẹn, ẹni tó máa padà sílé kì í sọ pé òun lọ. Ó wá yíjú sí ọkọ ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo lọ o."

Ó wọ mọ́tò.

"Ẹ̀gbọ́n," Bàdírù ní, "kí ló sọ?"

Mo ní etí mi ti ń di. Irọ́ ni, mo gbọ́. Bàálù ò tíì gbéra, obìnrin yẹn ti kúrò.