Wọ́n Bẹ Aláìsàn Tó Ń Fọṣọ Wò

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ibà fi dá Alágbàfọ̀ dùbúlẹ̀. Ọjọ́ kejì ni Ìgbìmọ̀ Abẹ̀wò ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tó wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ gan-an, ti gbọ́. Ẹ má sì rò pé wọ́n káwọ́ gbera o! Ìpàdé mẹ́ta ni wọ́n ṣe. Nínú èyí àkọ́kọ́, wọ́n jiyàn lórí orin tí wọn yóò kọ dé ẹnu ọ̀nà. Nínú ìkejì, wọ́n jà lórí ẹni tí yóò gbé ìgò òróró dání. Wọ́n fi ìkẹta gbààwẹ̀ nítorí ìjà ìkejì.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin wẹ́dà, ajórin, tó ń gbé yàrá kejì, ẹni tí kò mọ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì rárá, ló ń gbé oúnjẹ àti omi gbígbóná wọlé fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Ìyá, ẹ jẹun" ni gbogbo ìwàásù tirẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Alágbàfọ̀ ti dìde. Ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ọṣẹ, ó ń fọ kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀ṣì, kí orin tó bú jáde lẹ́nu ọ̀nà. Alága Ìgbìmọ̀ ló ṣáájú, òun náà ló gbé òróró dání. Bó ṣe rí obìnrin náà lórí ìdúró, ńṣe ló fajú ro.

"Ìyá, ẹ ti dìde ni?"

"Mo ti dìde, sà. Ẹ ṣeun tí ẹ wá."

"Ṣùgbọ́n a ti kọ ọ́ sínú ìwé pé orí ibùsùn la ti bá yín." Akọ̀wé gbé ìwé sókè kí obìnrin náà lè rí i. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa dùbúlẹ̀ díẹ̀. Kò ní pẹ́."

Wọ́n nu ọṣẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, wọ́n fi aṣọ bò ó dé ọrùn. Wọ́n gbàdúrà títí ó fi fẹ́ẹ̀ sùn lọ. "Dìde!" Alága pariwo. Ó dìde. Ìgbìmọ̀ hó yèè, Akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dun Alágbàfọ̀ wọra. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wo ilẹ̀kùn yẹn, tó ń retí wọn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n pè é kó wá jẹ́rìí.

"Òótọ́ ni wọ́n ní kí n dìde, mo sì dìde," ó wí. "Àwọn náà ló kọ́kọ́ ní kí n dùbúlẹ̀." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. "Wẹ́dà, aládùúgbò mi, ló tọ́jú mi tí mo fi gbádùn. Ibà ti dá òun náà dùbúlẹ̀ láti àná, kò sì sẹ́nì kankan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ta ló máa bá mi lọ báyìí?"

Akọ̀wé ṣí ìwé.

"A ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé tó ń bọ̀," Alága dáhùn. "Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dìde, ká dijú, ká fi arákùnrin yìí lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Gbogbo ìjọ dijú pinpin. Alágbàfọ̀ gbé máìkì sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó bọ́ bàtà rẹ̀ kó má baà dún, ó jáde.

Ó ti fi aṣọ tútù nu wẹ́dà lára lẹ́ẹ̀mejì, oúnjẹ ti gbóná, àdúrà Alága ṣì ń wọlé láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, ìjọ pariwo Àmín.

"Kí ni wọ́n ń pariwo sí, Ìyá?"

"Ìwọ ni wọ́n wá bẹ̀ wò," ó wí, ó gbé abọ́ sún mọ́ ọn lẹ́nu. "Jẹun, ọmọ mi."