Ibẹ̀ Níbo?

Inú ti ń bí Glenda Villaruz kí òun àti ìyá rẹ̀ tó gun àtẹ̀gùn dókè. Ìyá náà kò jẹ́ kí ó di òun lọ́wọ́ mú. Ògiri ló ń fọwọ́ tọ̀, ó ń fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì ń bú ẹni tó lọ gba yàrá sórí ilé búrẹ́dì.

"Ẹ rọra, Nanay."

"Mò ń rọra. Ìwọ ni kò rọra. O kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ sí mi lọ́rùn."

Glenda fà sẹ́yìn díẹ̀. Ó ti bẹ̀bẹ̀ títí kó tó rí i mú wá síbí, kò sì fẹ́ kó yí padà lórí àtẹ̀gùn.

Kí ojú ìyá náà, Nanay Puring, tó lọ, kò sí ọmọge tó ń relé ọkọ ní Jaro tí kò fẹ́ kó bá òun rán aṣọ ìgbéyàwó. Nígbà tí òjò ọdún tó kọjá bẹ̀rẹ̀ ni àìsàn ojú tó ti ń bá a fínra tipẹ́ gba ìmọ́lẹ̀ lọ pátápátá. Láti ìgbà náà ló ti sọ bẹ́ẹ̀dì di ilé. Ó ń jẹ ìrẹsì rírọ̀, ó ń gbọ́ rédíò, ó ń ṣépè fún ẹni tó bá ṣí fèrèsé. Dókítà wò ó, ó mirí. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbẹ, bí kò bá dìde lò ó kí ọdún Candelaria oṣù Kejì tó dé, ó lè má dá dúró mọ́ láéláé.

Glenda bẹ̀bẹ̀, ó sunkún, ó pariwo. Níkẹyìn ni ìyá rẹ̀ sọ pé, "Ó dáa. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí kò bá dáa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mọ́. Kí ẹ fi mí sílẹ̀ kí n kú sórí bẹ́ẹ̀dì mi." Glenda sì mọ irú èèyàn tó bí òun. Bí Nanay Puring bá ti sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ nìyẹn.

Eré ìmárale tí wọ́n ń pè ní Pìlátíìsì ni Glenda ń kọ́ àwọn èèyàn nínú yàrá yẹn. Ẹ̀rọ tó fi ń kọ́ wọn dà bíi bẹ́ẹ̀dì tóóró. Pákó tí wọ́n fi fóòmù bò ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí rẹ̀, sípíríǹgì ló ń fà á padà, ọ̀pá irin kan sì wà lápá ìsàlẹ̀ tí èèyàn ń fẹsẹ̀ tì. Gbogbo ìlú ló ń yin Glenda. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ tutù, wọ́n ní ara rẹ̀ rọ̀, kí wọ́n ṣáà máa wò ó ti tó. Wọ́n ń wò ó lóòótọ́. Kò sí ẹni tó kíyè sí i nínú wọn pé olùkọ́ yìí kì í sọ nǹkan kan tó ní orí àti ìdí.

Manang Belen, ọ̀rẹ́ Nanay Puring láti kékeré, ti wà lórí ẹ̀rọ kejì kí wọ́n tó wọlé. Bó ṣe rí wọn, ó dìde jókòó.

"Puring! Ó mà ṣe o! Wo bó o ṣe rù!"

"Belen, ṣé ìsìnkú lo wá ni?"

"Ká má rí i! Mo kàn ní..."

"Tí kì í bá ṣe ìsìnkú, sùn padà."

Glenda gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ó mú ìyá rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó sì fi í sílẹ̀. "Ẹ jókòó síbẹ̀, Nanay." Ó yọ ètè síta, ó fi júwe pákó náà, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe ní Iloilo. Ta ló ń na ìka sí nǹkan bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé?

"Ibẹ̀ níbo?"

"Ibẹ̀ yẹn."

Nanay Puring na ọwọ́, afẹ́fẹ́ ló bá. Ó tún nà án, ó fi orúnkún gbá igi ẹ̀rọ, ó ṣépè kan tí Manang Belen fi ní "Jésù!" Glenda sáré gbá a mú, ó fà á jókòó, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ ọwọ́. Ìyá náà gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Mi ò kú o, Inday ọmọ mi. Sọ fún mi, màá ṣe é fúnra mi."

"Ó dáa. Ẹ gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀. Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Báyìí ni, ẹ ṣe bíi tèmi." Ó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ sókè, ó ká orúnkún, ó na ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rẹwà gan-an.

"Glenda," Manang Belen wí jẹ́jẹ́, "ta lò ń gbẹ́sẹ̀ hàn?"

Glenda sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ojú tì í, ìtìjú yẹn sì di ìbínú lójú ẹsẹ̀, bó ṣe máa ń dì fún un. Ó fa ohùn dídùn jáde, èyí tí gbogbo èèyàn ń yìn. "Ẹ jẹ́ kí egungun ẹ̀yìn yín yọ́, Nanay. Kó yọ́ bíi bọ́tà."

"Bọ́tà? Ṣé èmi ni búrẹ́dì ni?"

"Ẹ ṣáà tì í!"

"Kí ni kí n tì?"

"Èyí tó wà níbẹ̀ yẹn!"

Nanay Puring tì í. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kan ọ̀pá irin, ẹsẹ̀ kejì wà nínú òfuurufú. Pákó náà yọ̀ lọ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ náà já bọ́, sípíríǹgì sì kó gbogbo rẹ̀ padà wá, gbàgà! Ojúgun ìyá arúgbó náà ló pàdé irin. Igbe tó ké, àwọn tó ń po ìyẹ̀fun nísàlẹ̀ gbọ́ ọ.

Nígbà tí Glenda fẹ́ fọwọ́ kàn án, ìyá náà ní, "Má fọwọ́ kàn mí." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ìyẹn ló burú níbẹ̀. "Mú mi lọ sílé. Mo ti wá. Mo ti ṣe é. Ó ti parí."

"Nanay, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ibẹ̀, ibẹ̀, ibẹ̀! Ta ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ?"

"Ẹ̀yin ni!"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀. Nígbà tó ti jáde, gbogbo ìyókù tẹ̀ lé e. "Ẹ̀yin ni o, Nanay! Gbogbo ìgbà tí mo fi jókòó lẹ́bàá màṣínì yín, ẹ ò pe nǹkan kan lórúkọ rí! Ẹnu yín kún fún píìnì, ètè lẹ fi ń júwe. 'Mú yẹn wá. Gbé e síbẹ̀.' Bí mo bá mú èyí tí ẹ ò fẹ́, ẹ ó fi rúlà gbá mi lọ́wọ́! Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi!"

"Ojú wà lórí rẹ nígbà yẹn!"

"Ẹ̀yin ti fọ́jú báyìí!" Glenda kígbe. "Ẹ ti fọ́jú, Nanay! Ẹ ti fọ́jú!"

Manang Belen ṣe àmì àgbélébùú. Kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí nínú ilé wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ojú ń dun Nanay, pé ó ti rẹ Nanay, pé Nanay ń sinmi. Glenda fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé òun ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, pé ìyá òun kò tún ní jáde nínú yàrá yẹn mọ́.

Nanay Puring dùbúlẹ̀, kò mira.

"Nígbà tó o ti mọ̀ bẹ́ẹ̀," ó ní, "sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀."

Glenda kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó so wọ́n pọ̀ gírígírí. Ìbínú ṣì ń gbọ̀n nínú ohùn rẹ̀, kò sì sí adùn kankan níbẹ̀ mọ́.

"Èjìká yín méjèèjì kan tìmùtìmù tó wà lápá orí pákó. Ṣé ó kàn án?"

"Ó kàn án. Má pariwo mọ́ mi."

"Mi ò pariwo!" Ó ń pariwo. "Ẹ ká orúnkún òsì wá sí àyà yín. Ẹ máa na ẹsẹ̀ náà lọ síwájú díẹ̀díẹ̀, títí gìgísẹ̀ yín á fi kan irin tó tutù."

Ẹsẹ̀ tó ti tín-ín-rín yẹn nà, ó ń gbọ̀n, ó ń wá ọ̀nà. Ó kan irin.

"Ó tutù," ni Nanay Puring wí.

"Ẹ fi gìgísẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣe ọ̀tún bákan náà. Ẹ má tíì tì í! Bí mo bá ní kí ẹ tì, pákó á gbé yín lọ síhà orí yín. Kò ní jù yín nù. Bí ẹ bá fẹ́ padà, ẹ rọra máa ká orúnkún. Sípíríǹgì á fẹ́ fi agbára kó yín wálé, ẹ má gbà fún un."

"Mi ò ní gbà fún un."

"Ẹ mí sínú. Bí ẹ bá ń mí síta, ẹ fi gìgísẹ̀ méjèèjì ti irin."

Ó tì í. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ, iṣan ọrùn rẹ̀ le, ó di eyín pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá ẹnìkan jà. Pákó náà ń lọ, ó ń lọ, títí ẹsẹ̀ méjèèjì fi nà tán. Sípíríǹgì fà á, kò gbà fún un. Ó padà wálé wẹ́rẹ́, kò dún.

Manang Belen ti ń sunkún. "Puring, o ṣe é!"

"Dákẹ́, Belen, mi ò gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń sọ." Ó mí kanlẹ̀. "Tún un sọ."

Glenda tún un sọ. Ó ń sọ ọ́, ìyá náà ń ṣe é, àwọn méjèèjì ń bínú, títí itan arúgbó náà fi kọ̀ jálẹ̀ pé ó tó. Glenda sọ ibi tí yóò fọwọ́ tì fún un, ìyá náà sì fúnra rẹ̀ dìde jókòó sí etí pákó. Òógùn bò ó lójú.

Glenda kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ béèrè bóyá wọ́n tún máa wá, ẹ̀rù ìdáhùn bà á.

"Bàtà mi dà?" ni Nanay Puring béèrè.

"Ó wà níbẹ̀." Ètè Glenda ti yọ síta lọ sí ẹnu ọ̀nà kó tó rántí.

Nanay Puring kò béèrè pé, "Ibẹ̀ níbo?" Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, níbo lo wà?"

"Mo wà lápá ọ̀tún yín, Nanay. Mo kúnlẹ̀. Ojú mi àti èjìká yín dọ́gba."

Ọwọ́ náà wá tààrà. Ó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Glenda, ó bá omi níbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹnu, ó sì bá ètè méjèèjì bí wọ́n ṣe yọ síta. Ló bá fi ìka méjì fún wọn pọ̀, bí ẹni ń di etí aṣọ mú kó má baà sá.

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Lọ́la tá a bá padà wá, màá mú abẹ́rẹ́ àti òwú dání. Màá rán ètè yìí pọ̀."

Ó fún wọn pọ̀ títí omi ojú Glenda fi ṣàn dé ìka rẹ̀, kó tó fi wọ́n sílẹ̀.

"Ó yá, bàtà mi dà?"