Ẹni Tó Lè Fi "Ìwọ" Bá Mi Sọ̀rọ̀

Lọ́dún 1971, bí mo bá ti jáde nílé ní Pàkátà, tí mo gun kẹ̀kẹ́ mi, tí mo forí lé ọ̀nà Ọ̀fà Garage níbi tí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi wà, kò sẹ́ni tí kì í kí mi. "Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ o! Ọ̀gá, ṣé àlàáfíà ni?" Èmi náà á ní, "Àlàáfíà ni, alihamudulilahi." Irọ́ gbuu ni. Mi ò rí oorun sùn, oúnjẹ ò wù mí jẹ, àyà mi sì ń já láìsí ohun tó ń lé mi. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìbéèrè yẹn ní nílùú wa. Ẹni tó bá fún un ní òmíràn, wọ́n á rò pé òkú ló sùn nílé rẹ̀.

Ẹ má fojú ọ̀lẹ wò mí o. Èmi Sàlíhù mọ iṣẹ́. Èmi àti Láníyọnu, ọmọ Ìkirun tí àwọn òbí rẹ̀ tẹ̀dó sí Sábó Òkè, la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. A jọ ru pákó, a jọ gba ìgbátí, a sì jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Bí mo bá ṣe ohun tó pa á lẹ́rìn-ín tàbí tó bí i nínú, gbólóhùn kan náà ló máa ń sọ: "Sàlíhù, o ò gbádùn!" Èmi náà á ní bàbá rẹ̀ ni ò gbádùn.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, tí ọ́fíìsì ń hù káàkiri ìgboro, tí àwọn akọ̀wé ń wá àga tí wọ́n máa jókòó lé, mo ní ká dá ṣọ́ọ̀bù tiwa sílẹ̀. Láníyọnu ní kí n ṣe olórí, torí ilẹ̀ bàbá mi ni, àti pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n oníbàárà lé. Ó ní òun á dúró tì mí. Ó sì dúró tì mí. Kò ṣẹ̀ mí rárá, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le.

Ọkùnrin ọ́fíìsì kan ló wá wo tábìlì lọ́jọ́ kan. Ó bá Láníyọnu níbi tó ti ń pariwo mọ́ mi pé, "Ṣé o fọ́jú ni? O ò rí i pé pákó yìí ti wọ́?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ni ọ̀gá gan-an níbí?" Ó bá tirẹ̀ lọ, a ò rí i mọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Láníyọnu. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni, mo bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní àwọn èèyàn ò ní ka ilé iṣẹ́ wa sí bí òun bá ṣì ń fi "ìwọ" pè mí. Ó jàre. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, a gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́, gbogbo wọn sì bá "ẹ̀yin" lẹ́nu Láníyọnu.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ mi sọ́tọ̀, tí wọ́n ń fi àwo dé e. Inú yàrá tí a ń kó ìṣó sí ni mo ti ń dá jẹun. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn níta. Bí mo bá yọjú, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á dìde, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ nǹkan ni?" Kí ni mo fẹ́ sọ pé mo fẹ́?

Mo jókòó lọ́jọ́ kan, mo ro ẹni tó ṣì lè fi "ìwọ" bá mi sọ̀rọ̀. Bàbá mi àti ìyá mi ti kú. Hàlímọ̀tù ìyàwó mi kò jẹ́ dán an wò; ilé wo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Pàkátà? Àbúrò ni gbogbo ẹni tó kù nílé, àwọn òṣìṣẹ́ tó dàgbà jù mí lọ pàápàá ń fi "ẹ̀yin" pè mí. Bí mo bá ń ṣe àdúà pàápàá, "Ìwọ Ọlọ́run" ni mò ń wí. Ọlọ́run gba "ìwọ", èmi káfíńtà ń jẹ́ "ẹ̀yin". Asitafurulahi, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Ọjọ́ kan wá dé tí mo dúró níwájú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, tí mi ò lè ṣí i. Ọwọ́ mi kọ̀. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo rò pé orí mi ti fẹ́ dàrú, bẹ́ẹ̀ ẹni tí wọ́n bá ti pè ní wèrè nílùú wa, kò sí ohun tó lè sọ táwọn èèyàn máa gbọ́ mọ́.

Mo lọ bá Láníyọnu nílé lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Esther ìyàwó rẹ̀ sáré gbé àga tó dára jù jáde, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó kúnlẹ̀. Láníyọnu alára ò jókòó. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Láníyọnu," mo ní, "ara mi ò le."

"Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ibà ló máa jẹ́. Ẹ lọ sinmi, ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀ fún wa."

Mo ní bóyá ibà ni lóòótọ́. Mo mu omi Esther, mo gun kẹ̀kẹ́ mi. Mo sunkún títí mo fi dé Pàkátà, mo sì ń dá àwọn tó ń kí mi lóhùn pé àlàáfíà ni.

Kò pẹ́ sí i ni Mọ̀múdù, àgbàlagbà tó ń bá wa kun igi, bi mí láàárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Ọ̀gá, ibo ni ká to àwọn tábìlì yìí sí?" Ìbéèrè lásán. Ṣùgbọ́n mo jókòó sílẹ̀ sínú èérún pákó, omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú mi níwájú gbogbo wọn.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n rọra gbé ayùn àti òòlù sílẹ̀, wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kẹ́yìn sì fa ilẹ̀kùn dé pẹ̀sẹ̀. Wọn ò fẹ́ kí ojú wọn rí ẹkún ọ̀gá wọn. Ọ̀wọ̀ ni o, mo mọ̀. Ìró ilẹ̀kùn yẹn dùn mí ju gbogbo ohun tó ti ń ṣe mí lọ.

Ilẹ̀kùn tún ṣí. Láníyọnu ni. Ó lóṣòó síwájú mi.

"Ọ̀gá, kí ló ń ṣe..."

Ó dúró. Mò ń retí "yín" bí ẹni tó ń retí ìgbátí.

"Sàlíhù," ó ní. "Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Mi ò mọ̀," mo ní, gbogbo rẹ̀ sì tú jáde: kọ́kọ́rọ́ yẹn, oorun tí kò wá, ẹ̀rù tó ń bà mí pé mo fẹ́ ya wèrè. Kò pè é ní ibà. Ó jókòó tì mí nínú èérún pákó.

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ibà ló gbé ọ wá sílé mi," ó ní. "Mo fẹ́ bi ọ́. Ẹnu mi ò gbà á ni."

Nígbà tó yá, ó fà mí dìde, a jáde. Gbogbo wọn ti tò síta, wọ́n doríkodò. Mọ̀múdù ló lanu.

"Ọ̀gá, ṣé àlàáfíà ni?"

Ìdáhùn ti wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

"Rárá o, Mọ̀múdù. Kò sí àlàáfíà."

Wọ́n wo ara wọn lójú. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n ń fi dáhùn ìyẹn. Mọ̀múdù ronú, ó tún ronú, ó wá tẹríba, ó ní, "Àmín."

Láníyọnu ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ò lè mú un mọ́ra. Mò ń rẹ́rìn-ín, omijé ṣì wà lójú mi, Láníyọnu sì gbá mi lẹ́yìn gbàà níwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

"Sàlíhù, o ò gbádùn!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Mi ò gbádùn."