Kọ́nà Tí Wọ́n Wá Wò

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, àga òfìfo ló ń ba Alukoro lẹ́rù. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń polówó àjọ̀dún eré ìje alùpùpù. Òun ló ń ṣe pósítà, òun ló ń lọ sórí rédíò, òun náà ló ń di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú lọ́jọ́ eré, débi pé ìyàwó rẹ̀ pàápàá ti gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Alukoro lòun náà ń pè é. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ èèyàn ló wá. Àwọn kan tiẹ̀ gun orí igi wòran. Lọ́dún tó kọjá, wọn ò pé ẹgbẹ̀rún kan, àwọn mìíràn nínú wọn ò sì wá wo eré rárá, òjò ni wọ́n ń sá fún tí wọ́n fi yà wọlé.

Ká má parọ́, òun náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó kéde pé akọni kan láti òkè òkun ń bọ̀ wá bá wọn sáré. Akọni ò yọjú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ní iná aláràbarà máa tàn lójú ọ̀run, èéfín lásán ni wọ́n rí. Àwọn èèyàn wá sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Bí ẹnì kan bá purọ́ ládùúgbò, wọ́n á ní, "Rédíò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ìgbà tó ku oṣù kan kí eré bẹ̀rẹ̀, Alága ìgbìmọ̀ àjọ̀dún náà, tó ni ilẹ̀ pápá tí wọ́n ti ń sáré, pè é sí ọ́fíìsì.

"Alukoro, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ni mo fẹ́ rí. Bí wọn ò bá pé bẹ́ẹ̀, màá ta ilẹ̀ yìí fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Kí kálukú máa lọ sílé ẹ̀."

Àyà Alukoro já. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin ni, Kòdúró ni gbogbo ayé ń pè é nítorí eré tó ń sá. Orí pápá yẹn ló ti kọ́ alùpùpù, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbà á sínú ìdíje àwọn àgbà. Bí pápá bá lọ, ibo lọmọ fẹ́ sáré? Lójú títì, láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù? Olúwa má jẹ̀ẹ́.

Ó wọ yàrá kékeré tó fi ń ṣiṣẹ́, ó jókòó ti àwọn fídíò ọdún tó kọjá, ó ń wá ohun tó lè mú ojú èèyàn. Ibẹ̀ ló ti rí ìṣubú náà. Ní kọ́nà tó kẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn alùpùpù kan yọ̀, ẹ̀rọ fò sókè, ẹni tó gùn ún sì lọ gbá mọ́ òkìtì táyà àlòkù tí wọ́n tò sí etí pápá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, ṣùgbọ́n kò kú. Alukoro gé fídíò náà kù díẹ̀, ó kọ ọ́ sí i lára pé: "Kọ́nà Ìkẹyìn. Ṣé o láyà láti dúró wò ó?" Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, fóònù rẹ̀ ò sinmi mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ti tán. Ó yẹ kó máa jó, àbí? Ó kọ́kọ́ jó lóòótọ́. Àmọ́ gbogbo ẹni tó ń pè, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi í: "Ọ̀gá, apá ibo ni kọ́nà yẹn wà?" Kò sẹ́ni tó béèrè ta ló ń sáré.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí eré bẹ̀rẹ̀, Alága kó àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, Alukoro náà wà lára wọn, lọ sí kọ́nà náà. Ó na ìka sí òkìtì táyà.

"Eléyìí ò jẹ́ kéèyàn ríran. Ẹ kó o kúrò. Odi wáyà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ti tó."

Bàbá Alásìíá, àgbàlagbà tó ń di àsíá mú tó sì ń bójú tó ààbò orí pápá, mi orí. "Alága, táyà yìí ló jẹ́ kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ló dá lọ́dún tó kọjá. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó."

Alága yọ ìwé kan síta. Èèyàn méjì nínú ìgbìmọ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àyípadà tó bá dé bá pápá. Alága fọwọ́ sí i, ó na kálàmù sí Alukoro. Alukoro rántí àga òfìfo, ó rántí ilé ìkẹ́rùsí. Ó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ eré pé. Kòdúró ń so bàtà rẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ wo èrò! Ẹ káre o!"

Ó yẹ kó sọ fún un nígbà yẹn nípa táyà tí wọ́n kó kúrò. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Máa rọra sáré o."

"Èwo ni máa rọra sáré? Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ mumi."

Alukoro bá gba kọ́nà ìkẹyìn lọ. Háà! Èèyàn ti fún mọ́ odi wáyà pinpin, àwọn bàbá gbé ọmọ kọ́ èjìká, gbogbo wọn ti na fóònù sókè bẹ́ẹ̀ eré ò tíì bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ gúgúrú fọwọ́ tọ́ ọ lápá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo ni wọ́n máa ṣubú?"

Alukoro gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín, ẹ sún sẹ́yìn! Ibi tẹ́ ẹ dúró sí yìí léwu! Ẹ̀mí lè lọ síbẹ̀!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Rédíò ti bẹ̀rẹ̀!" Àwọn tó wà lódìkejì pápá gbọ́ pé ẹ̀mí lè lọ, ni wọ́n bá tú dìde, wọ́n ń sáré bọ̀ ní kọ́nà kí wọ́n má bàa pàdánù. Ọdún mọ́kànlá, kò polówó kan tó mú èèyàn dìde tó bẹ́ẹ̀ rí.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ìyípo méjìlá ni wọ́n máa sá. Ní ìyípo kẹta, Kòdúró wà ní ipò karùn-ún. Ní ìyípo karùn-ún, ó ti bọ́ sí ipò kẹta. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ya kọ́nà náà, èrò á mí kanlẹ̀, wọ́n á tún sún mọ́ wáyà sí i. Ní ìyípo keje, Kòdúró gba iwájú. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ yọ̀ díẹ̀, ó tu eruku sójú wọn, ariwo ayọ̀ sọ. Alukoro ò lè dúró, kò lè jókòó.

Ó rọ̀ mọ́ Bàbá Alásìíá tó wà nítòsí. "Bàbá, ẹ gbé àsíá pupa!"

"Kò sí ìjàm̀bá, mi ò lè gbé e. Bí mo bá gbé e, eré parí nìyẹn. Kò ní sẹ́ni tó máa gba ife."

"Ọmọ mi ló wà níwájú!"

"Mo rí i."

Alukoro já àsíá náà gbà. Bàbá ò fà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Alukoro sáré bọ́ sí etí pápá, ó ń jù ú fìrìfìrì bí ẹni tí oyin ń ta. Àwọn alùpùpù rọra dúró lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ni igbe bá ta. "Olè! Ẹ dá owó wa padà!" Wọ́n ń ju ìgò oníke. Lókè níbi ìjókòó àwọn àgbà, Alága ti gbé fóònù sétí, ó kẹ̀yìn sí pápá.

Kòdúró gun alùpùpù rẹ̀ wá síwájú bàbá rẹ̀. Akoto ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń kùn.

"Ó ku ìyípo márùn-ún! Bàbá mi, ó ku márùn-ún péré!"

"Táyà ò sí níbẹ̀," ni Alukoro wí.

"Mo mọ̀! Látìgbà ìyípo àkọ́kọ́ ni mo ti rí i! Ẹ̀rù ń bà mí, gbogbo ìgbà tí mo bá débẹ̀ ni mò ń gbàdúrà, mo ṣáà ń lọ. Ta ni ìkà tó ní kí wọ́n kó o kúrò?"

Alukoro lè na ìka sí Alága. Bàbá Alásìíá tiẹ̀ ń wo ilẹ̀, kò ní já a nírọ́. Alukoro sún mọ́ ọmọ rẹ̀.

"Èmi ni mo fọwọ́ sí i."

Ariwo èrò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Kòdúró pa ẹ̀rọ alùpùpù rẹ̀. Ó tú akoto, ó ṣí i kúrò lórí, irun rẹ̀ ti rin fún òógùn. Ó tẹ̀ síwájú kó lè gbọ́.

"Ẹ tún un sọ, Bàbá mi. Mi ò gbọ́."

Ó tún un sọ.