Orúnkún Moráyọ̀ Lórí Yìnyín

Ojú Mummy Ọlábímpé ń ṣú lọ. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ní Woolwich nílùú Òyìnbó, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa wo ẹyẹ pẹ́ńgúìnì lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ẹ̀dá Olúwa yìí lójúkojú kí ojú tó lọ tán. Ìdí nìyẹn tí Moráyọ̀, tó ń tọ́jú wọn ní Thamesmead, fi bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Àǹtátíkà, ilẹ̀ yìnyín.

Ó ti rẹ àwọn méjèèjì. Òkun ti jù wọ́n síwá sẹ́yìn, ìjì ò sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ rí. Àfi òní, ọ̀la ni ọkọ̀ ń padà sílé.

Afinimọ̀nà inú ọkọ̀ ti kì wọ́n nílọ̀: àìsàn tí aṣọ lè gbé kiri ń pa àwọn ẹyẹ, bàtà nìkan ni kó kan ilẹ̀. Ẹni tó bá jókòó tàbí tó kúnlẹ̀, ó di inú ọkọ̀, kí wọ́n lọ fi oògùn fọ aṣọ rẹ̀.

Moráyọ̀ fa Mummy jáde nínú ọkọ̀ rọ́bà kékeré tó gbé wọn dé etí yìnyín, ó ń mí hẹlẹ. Mummy di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọmọ mi, o ṣeun. Bó o ṣe gbé mi débí, Ọlọ́run á gbé ìwọ náà dé ibi ayọ̀."

"Àmín, Mummy!"

Orúnkún rẹ̀ ti kan yìnyín kó tó rántí. Afinimọ̀nà pariwo. Moráyọ̀ gbọ́dọ̀ padà, Mummy ò sì lè dá dúró.

"Mummy, ẹ má bínú. Mo ti bà á jẹ́."

"Bà á jẹ́ kẹ̀? Ta ló ń dúró gba àdúrà bí òpó?" Mummy tẹjú mọ́ òkè yìnyín tó wà níwájú. "Ṣé àwọn pẹ́ńgúìnì wà níbẹ̀? Funfun nìkan ni mò ń rí."

Omi lé sójú Moráyọ̀.

"Wọ́n pọ̀ lọ súà, Mummy. Ṣé ẹ mọ Deacon Báyọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa? Kóòtù dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí ikùn ń ṣáájú wọn bí wọ́n bá ń gbé igbá ọrẹ bọ̀? Bí wọ́n ṣe ń rìn gan-an nìyẹn. Yéè! Ọ̀kan ti ṣubú."

"Deacon ṣubú?" Mummy rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́. "Ó ti dìde?"

"Ó ti dìde. Ó ń ṣe bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò rí i."

"Deacon náà ni!"

Afinimọ̀nà na ọwọ́ sí wọn pé ọkọ̀ ti ṣetán. Mummy ò mira.

"Bùrọ̀dá, ẹ ní sùúrù, ọmọ mi ò tíì sọ ọ́ tán."

Moráyọ̀ nu imú rẹ̀, ó sì ń ròyìn àwọn ẹyẹ náà lọ.